Ohùn Màmá Wà Lọ́wọ́ Mi, Ìyàwó Wa Ni Wọ́n Ń Dá Lẹ́bi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má tíì bú mi. Ẹ kà á dé ìparí ná. Tí ẹ bá wá fẹ́ bú mi lẹ́yìn náà, ó tọ́ sí mi.

Nǹkan kan wà lọ́wọ́ mi tí gbogbo ilé wa gbà pé ó ti ṣègbé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń dá lẹ́bi rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Èmi ni mo ṣe é, kò sì sí ẹlòmíì tó mọ̀. Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ báyìí ni pé ẹ̀gbọ́n mi ti ní òun máa mú un lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún Iléyá tó ń bọ̀ yìí, òun ò sì ní mú un padà wá mọ́. Àwọn ọmọ máa dúró sọ́dọ̀ wa. Ìyàwó náà ti ń di ẹrù rẹ̀.

Niamey, olú-ìlú Niger, ni wọ́n bí mi sí, ní àdúgbò Harobanda, lódìkejì odò. Bàbá wa ló ti ilé wá ta aṣọ níbí. Ẹ̀gbọ́n mi ló gba ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Wadata lẹ́yìn tó kú. Ilé-ìwé Faransé ni mo lọ, kọ̀ǹpútà ni mo sì kọ́. Tí Yorùbá mi bá dán mọ́rán rárá, ọpẹ́lọpẹ́ Màmá tí kì í dá èèyàn lóhùn tó bá fi Zarma bá a sọ̀rọ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Sìdí, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Nígbà tó wọlé wa, ó ṣe bí ìyàwó tó gbẹ̀kọ́ ṣe ń ṣe. Kò pe ẹnikẹ́ni tó bá nílé lórúkọ. Ó sọ gbogbo wa lórúkọ tuntun. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ ní Maradi ní Ìbàdíàrán. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Cotonou ní Akọ̀wé. Èmi tí mo kéré jù, ó pè mí ní Adúmáadán. Inú ilé nìkan la ti ń jẹ́ àwọn orúkọ yìí. Inú mi dùn sí i nígbà yẹn, wàláì.

Owú ò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Màmá ló fà á, Ọlọ́run forí jì í. "Sìdí, wá bá mi so gèlè." "Sìdí, ọbẹ̀ rẹ lónìí, ẹnu mi ò tíì kúrò níbẹ̀." Èmi tí mo ti ń se ọbẹ̀ fún Màmá kí wọ́n tó mọ Sìdí nílé bàbá rẹ̀! Kò sẹ́ni tó sọ pé ọbẹ̀ mi dùn rí. Tí mo bá fa ojú ro, Màmá á rẹ́rìn-ín, á ní, "Òjòwú kì í lẹ́ran láyà, ìwọ náà sì rí bó o ṣe rù." Ó ń ṣeré ni. Kò dùn mọ́ mi nínú.

Ẹgbẹ́ kan wà ní àdúgbò Koira Kano tó ń ran àwọn obìnrin tí ọkọ ń lù lọ́wọ́. Wọ́n ń wá ẹni tó máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, tó sì máa tọ́jú rẹ̀. Èmi ni mo gbọ́ nípa iṣẹ́ náà. Èmi ni mo sọ fún Sìdí pé kí a jọ lọ, nítorí mo mọ̀ pé wọn ò lè mú un. Mo wọ aṣọ mi tó dára jù, mo ń sọ Faransé bí ẹni tí ń ka ìròyìn. Sìdí ń sọ Hausa ọjà àti Faransé tí èmi fúnra mi kọ́ ọ. Òun ni wọ́n mú. Ọ̀gá wọn ní àwọn obìnrin tó ń sá ò nílò ìròyìn, ẹni tí wọ́n lè jókòó tì ni wọ́n nílò. Ó wá ní kí n ṣe "hankuri". Sùúrù ló túmọ̀ sí. Ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń ta èèyàn létí.

Kò tán síbẹ̀. Wọ́n ní kí ó fi ètò kọ̀ǹpútà kan ti àwọn ọ̀rọ̀ náà pa, kí àwọn ọkọ má baà rí ibi tí ìyàwó wọn sá sí. Ta ni Sìdí wá bẹ̀ pé kó bá òun fi ètò náà sí kọ̀ǹpútà ilé? Èmi náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, torí tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ò ní mọ bí ìwà mi ṣe burú tó. Ètò yẹn máa ń ṣe nǹkan méjì fún èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan dà bí àgádágodo tó ṣí sílẹ̀. O lè fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sí ọ á fi tì í, á tẹ̀ ẹ́ pa. Ìkejì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ìyẹn ni wọn kì í fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó tẹ àgádágodo pa fúnra rẹ̀ ò lè ṣí i mọ́, àfi ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ètò náà fẹ́ ṣe kọ́kọ́rọ́, ó ní kí a máa ti máòsì síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí a máa tẹ ohunkóhun tó bá bọ́ sí wa lọ́wọ́, kí kọ́kọ́rọ́ náà má baà jọ ti ẹnikẹ́ni láyé. Sìdí ń rẹ́rìn-ín, ó ń ti máòsì bí ẹni tí ń gbálẹ̀. Ó ní, "Adúmáadán, ẹ bá mi tì í díẹ̀, ọwọ́ yín yá ju tèmi lọ." Mo bá a tì í.

Lẹ́yìn náà, ètò náà ní kí ó fi pásíwọ́ọ̀dù bo kọ́kọ́rọ́ yẹn, torí kọ́kọ́rọ́ tí kò ní ìbòrí, olè lásán á gbé e lọ. Ó ní kí ó gùn, kó jẹ́ ọ̀rọ̀ mélòó kan tí kò sí nínú ìwé kankan, kí ó má jẹ́ orúkọ ọmọ tàbí ọjọ́ ìbí. Ẹ wá wo ohun tí ìyàwó Yorùbá máa ṣe. Ó ronú, ó rẹ́rìn-ín, ó wojú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn orúkọ tó sọ wá ni. Òótọ́ ni pé wọn ò sí nínú ìwé kankan. Ọkọ oníjàgídíjàgan wo ní Niamey ló máa rò ó? Ó ti fi pamọ́ fún gbogbo ayé, àfi fún àwa tí a jọ ń gbélé. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Orúkọ mi ló fi ṣaájú, èmi tí mo kéré jù. Ó yẹ kí n sọ pé, "Ìyàwó, ẹ yí i padà, mo ti mọ̀ ọ́n." Mo dákẹ́.

Ètò náà tún ní kí ó da ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ sórí nǹkan mìíràn, kí ó gbé e síbi tó jìnnà sí kọ̀ǹpútà, torí tí kọ́kọ́rọ́ bá ṣègbé, àwọn tó ṣe ètò náà gan-an ò lè ranni lọ́wọ́. Sìdí dà á sórí fláàṣì pupa kékeré kan, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ló wà." Kò fún ọkọ rẹ̀. Èmi ló fún.

Ìgbà tó yá, àìsàn dá Màmá dùbúlẹ̀. Ó mọ̀ pé òun ń lọ. Ó ní òun fẹ́ bá gbogbo wa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ títí di fídáù ọjọ́ kẹjọ òun, kí gbogbo wa jókòó gbọ́ ọ pọ̀. Sìdí ló gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tó sì fi ètò náà tì í pa. Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn láti yàrá mi. Ohun tí owú fi sí mi lórí nígbà náà ni pé wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ mi. Èmi ọmọ bíbí inú rẹ̀, ìyàwó lásán-làsàn ló wá fi ohùn rẹ̀ sọ́wọ́. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Màmá kú. Ẹ̀kún tí mo sun, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Àwọn èèyàn kún ilé wa. Èmi ń gbé omi fún wọn. Ìyá kan láti Wadata gba ife lọ́wọ́ mi, kò wojú mi, ó nawọ́ sí Sìdí, ó ní, "Ọmọ tí Ọlọ́run fún olóògbé nìyí o. Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lẹ́nu rẹ̀." Gbogbo wọn ní àmín.

Háà! Mo gbé abọ́ omi kalẹ̀. Wọ́n ti ń tò fún ìrun Àlàásárì lágbàálé. Mo wọ yàrá Sìdí àti ọkọ rẹ̀, mo ṣí kọ̀ǹpútà. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ìbòrí kọ́kọ́rọ́. Ó bi mí ní ti àtijọ́. Mo tẹ orúkọ mi, mo tẹ ti àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbà. Mo fi ọ̀rọ̀ mìíràn sí i. Mi ò ní kọ ọ̀rọ̀ náà síbí, nítorí ìtìjú. Mi ò pa ohùn Màmá rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́ lórí èyí, mi ò fọwọ́ kan ohùn rẹ̀ rárá. Mo kàn fẹ́ kí ojú ti Sìdí lẹ́ẹ̀kan péré. Mo rò pé tí ojú bá tì í tán, n ó ní kí ó jẹ́ kí n gbìyànjú, n ó ṣí i, gbogbo ilé á sì mọ̀ pé èmi náà wúlò.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Wọ́n ṣàdúrà tán, àbúrò bàbá wa tó ti ilé wá ní kí a gbọ́ ohùn aya ẹ̀gbọ́n òun. Sìdí gbé kọ̀ǹpútà sórí àpótí. Ó tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ní kò bá a mu. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀, òógùn bo imú rẹ̀. Ó wojú mi, ó ní, "Adúmáadán, ẹ bá mi wò ó." Àkókò mi dé wàyí, àbí? Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo kọ̀ǹpútà. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Tí mo bá ṣí i, wọn á bi mí pé báwo ni mo ṣe ṣí i. Mo ní mi ò mọ ohun tó ṣe é.

Ó sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Fláàṣì yẹn ńkọ́?" Mo ní òjò tó ya wọ yàrá mi ti bà á jẹ́. Irọ́ ni. Ó wà nínú àpò mi lásìkò yẹn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí obìnrin náà ṣe. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fún mi ní nǹkan kan. Kò dárúkọ mi. Ó kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó ní òun ti gbàgbé, orí òun ló ṣe òun. Àbúrò bàbá wa ní, "Ẹni tó ti nǹkan pa ló mọ ohun tó ń bò. Bóyá ìyá sọ ohun tí kò dùn mọ́ ọ nínú." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gbà pé Màmá bú u nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ìyẹn ló sì jẹ́ kó tì í pa.

Ẹ̀gbọ́n mi ò gba nǹkan mọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ kó má kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Èmi ńkọ́? Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ mi o, mo ní inú mi dùn. Mo sùn fọnfọn.

Sìdí lọ sọ ní ibi iṣẹ́ pé ẹni tó gbàgbé bí òun ṣe gbàgbé yìí ò yẹ kó tọ́jú àṣírí àwọn obìnrin. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ó ní àbúrò ọkọ òun kan wà tó mọ iṣẹ́ yẹn ju òun lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé orí àga rẹ̀ ní Koira Kano. Àṣírí àwọn obìnrin tí ń sá ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Èmi!

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, gbogbo wọn ti lọ kírun, mo fi fláàṣì náà sí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Mo ti da ohùn Màmá sórí rẹ̀, bó ṣe wà ní títì pa. Ẹ rántí pé orí kọ̀ǹpútà ilé nìkan ni mo ti pààrọ̀ ìbòrí. Kọ́kọ́rọ́ orí fláàṣì ò mọ̀ nípa ìyẹn, ìbòrí àtijọ́ ló ṣì wà lára rẹ̀. Mo tẹ orúkọ wa, ó ṣí. Mo gbọ́ Màmá tó wú ikọ́.

Ó ní, "Sìdí, ṣé ó ti ń gbọ́ wa?" Sìdí ní bẹ́ẹ̀ ni. Màmá ní, "Lọ pe ọmọ mi wá. Mi ò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kó má sí níbẹ̀." Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Mo gbọ́ Sìdí lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi: "Adúmáadán, Màmá ní kí ẹ wá jókòó tì wá." Ohùn kan dáhùn pé, "Ẹ máa ṣe tiyín! Ìgbà tí ẹ ti ṣe tán lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí mi?"

Ohùn mi ni. Mo ti gbàgbé pátápátá pé wọ́n pè mí. Owú ti bá mi gbàgbé rẹ̀.

Sìdí padà, ó ní mo ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Màmá mí kanlẹ̀, ó ní, "Fi í sílẹ̀. Á gbọ́ ọ tó bá yá." Ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ṣàdúrà fún wa níkọ̀ọ̀kan, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Sìdí, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú ọmọ náà gbolẹ̀ lẹ́yìn òun. Ohun tó lè gba Sìdí lọ́wọ́ wọn nìyẹn o, ọ̀dọ̀ mi ló sì wà.

Mo fẹ́ sọ lọ́jọ́ náà. Mi ò sọ. Mo tún fẹ́ sọ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá a jà nítorí bándù aṣọ kan tí kò rí, tó ní, "Ìwọ tí o ti ohùn ìyá mi pa, kí lo ò lè ṣe?" Mi ò sọ. Aṣọ náà, wọ́n rí i ní ìsọ̀ kejì. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjà yẹn ni ò parí, tó fi ní òun máa dá a padà fún bàbá rẹ̀.

Mo ti rò ó pé kí n kàn mú fláàṣì jáde, kí n ní, "Ẹ wò ó, mo ti rí i, kò bàjẹ́." Kò ṣeé ṣe. Sìdí mọ ètò yẹn. Á tẹ orúkọ wa, á ṣí, á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé orí òun ò gbàgbé nǹkan kan, ẹnìkan ló pààrọ̀ ti kọ̀ǹpútà. Ta ló tún mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ nínú ilé wa? Ohun tó máa dá a láre náà ló máa dá mi lẹ́bi.

Ẹ má rò pé mo ti di èèyàn rere. Lánàá, àwọn ọmọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn bó ṣe ń ká aṣọ, mo sì tún jowú. Ẹni tí wọ́n ń lé lọ! Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Adúmáadán, ẹ bá mi máa fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò pè mí ní òpùrọ́ rí nílé yìí." Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Ìyàwó." Ohun tí ẹnu mi rí sọ nìyẹn.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé kí n gbàdúrà, mo ti gbà á. Ẹ sọ fún mi ẹni tí n ó kọ́kọ́ sọ fún. Tí mo bá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó lè lé mi jáde, ó lè má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ayé. Sìdí ló rọrùn fún mi láti sọ fún, ìdí tí ẹ̀rù sì fi ń bà mí gan-an nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n. Á sunkún, á dì mọ́ mi, á ní kí n má sọ fún ọkọ òun, á bò mí láṣìírí, á sì gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Mo mọ ara mi náà. N ó jẹ́ kó lọ.